Ta Ló Ń Gé Koríko Fún Ẹṣin Ọ̀yọ́?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀dọ̀ Màlámù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti kó ìbéèrè tó wà lókè yìí wálé. Ọdún Ojúde Ọba la lọ wò, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì. Gbogbo ènìyàn ló na fóònù sókè, wọ́n ń ya fọ́tò àwọn ọmọ Balógun lórí ẹṣin. Aṣọ ń dán, ìlẹ̀kẹ̀ ń dán, ara ẹṣin gan-an ń dán. Èmi náà yà á, n ò ní parọ́. Nígbà tí oòrùn wá mú mi ju bó ṣe yẹ lọ, mo sá lọ sẹ́yìn ọgbà kan, níbẹ̀ ni mo ti bá bàbá kan tó jókòó ti ìdọ̀họ méjì. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ ló ń tú jáde díẹ̀díẹ̀. Á gbọn eruku ara rẹ̀ dànù, á gbé e súnmọ́ imú, á gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá ti dúdú díẹ̀, á sọ ọ́ nù.

Mo kí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Kí lẹ ń wá nínú ewé?"

Ó ní, "Èyí tó ti bu ni mò ń yọ. Ẹṣin ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́."

Mo bi í pé ṣé ẹṣin ò kàn lè jẹ koríko etí títì bíi ti ewúrẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin alákọ̀wé! Ẹni tó ń gùn ún lẹ máa ń mọ orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo mọ ohun tó ń jẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ìtàn Ọ̀yọ́-Ilé tí wọ́n kọ́ wa láti ilé-ìwé girama, ẹṣin ló kún inú ẹ̀ bámúbámú. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi jagun, ẹṣin ló mú kí ìlú tó jìnnà máa sìn ín, ẹṣin làwọn Ẹ̀ṣọ́ ń gùn. A há gbogbo rẹ̀ sórí fún ìdánwò. Kò sí tíṣà kankan tó sọ fún wa pé ẹṣin máa ń jẹun.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, ẹ má sá. Ẹṣin kì í ṣe màlúù. Màlúù á kó koríko jẹ wàràwàrà, á lọ jókòó síbì kan, á máa pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu, á máa jẹ àpọ̀jẹ. Ẹṣin ò ní àpọ̀jẹ. Ikùn rẹ̀ kéré sí bí ara rẹ̀ ṣe tó, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹun, láti òwúrọ̀ títí wọ òru. Kò sì lè bì. Bó bá jẹ ohun tó ti bu, tàbí tó jẹ ọkà jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ibẹ̀ náà ló máa wà nínú rẹ̀: inú á máa run ún, á máa yí gbirigbiri nílẹ̀, ó sì lè kú kílẹ̀ tó mọ́. Ká wá ní ẹṣin kan wọn 300 kílò. Oúnjẹ gbígbẹ tó nílò lójúmọ́ tó bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀, ìyẹn kílò 6. Ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú koríko tútù, kílò 6 gbígbẹ yẹn á tó kílò 25 sí 30 tútù. Tí ẹṣin bá jẹ́ 1,000 ńkọ́? Á ń lọ sí tọ́ọ̀nù 30 koríko, odidi tírélà kan, lójoojúmọ́. Wọn ò ní tírélà ní Ọ̀yọ́-Ilé. Orí ènìyàn ni.

Kì í sì í ṣe koríko kí koríko. Yorùbá mọ eéran gẹ́gẹ́ bí koríko ẹṣin, rírọ̀ ni, ó sì máa ń dára jù nígbà tí kò tíì so. Koríko tó bá ti gbó, tó ti so tán, igi ló kù nínú rẹ̀, ẹṣin á jẹ ẹ́ yó, á sì máa rù. Lẹ́yìn ìkórè, ewé àti pòpórò ọkà bàbà wà, ewé ẹ̀wà àti ewé ẹ̀pà wà, èèrí ọkà wà. Ẹṣin tó ń ṣiṣẹ́ ogun nílò ọkà gan-an lé e lórí, ọkà yẹn sì rèé, oúnjẹ ènìyàn ni. Ìṣòro tó wá le jù ni ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tí iná bá ti jó ọ̀dàn, tí gbogbo ilẹ̀ dúdú, ẹni tí ò kó ewé àti pòpórò pamọ́ lóṣù Bélú, kí ló fẹ́ fún ẹṣin lóṣù Èrèlé? Ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó wọ àká, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ á bu. Ìmọ̀ gidi ni, ẹ má jẹ́ ká pè é ní iṣẹ́ ẹni tí ò níṣẹ́.

Ẹ wo nǹkan kan. Koríko tí wọ́n fi ń bo òrùlé ààfin, ìyẹn bẹẹrẹ, ní ọdún tirẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ọdún Bẹẹrẹ yẹn ni wọ́n fi ń ka iye ọdún tí Aláàfin ti lò lórí oyè. Koríko tó bo orí ọba ní ọdún, ó ní orin, ó ní ìlù. Èyí tó wọ ikùn ẹṣin ọba, n ò tíì gbọ́ ọdún tirẹ̀.

Ta wá ni wọ́n ń rán lọ gé e? Àtikọjá odò Ọya ni ẹṣin fúnra rẹ̀ ti ń wá jù, láti ọ̀dọ̀ Tápà, Hausa àti Borno. Eṣinṣin kan tó ń jẹ́ tsetse ni ò jẹ́ kó rọrùn láti máa bí ẹṣin kí wọ́n sì máa tọ́ wọn dàgbà lápá ọ̀dọ̀ wa níbí. Àìsàn tó ń gbé kiri máa ń pa wọ́n. Nítorí náà ṣe ni Ọ̀yọ́ ń rà wọ́n lọ́dọọdún. Kí ni wọ́n fi ń rà wọ́n? Ọjà òyìnbó láti etíkun ni. Kí ni wọ́n fi ń ra ọjà òyìnbó? Ènìyàn ni. Ẹrú ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí etíkun, ẹṣin ń gòkè bọ̀ láti àríwá. Nínú àwọn ẹrú tó wá láti ilẹ̀ Hausa, àwọn kan ò dé etíkun rárá. Ọ̀yọ́ dá wọn dúró sílé, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹṣin yé wọn ju ẹni tó ra ẹṣin lọ.

Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé ibi tí koríko bá dé ni ọwọ́ Ọ̀yọ́ ń dé. Wọ́n gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò sọ̀kalẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ létí òkun, torí ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́ ọ̀dàn ju igbó lọ, ẹṣin á rí nǹkan já jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Aláàfin Ọbalókun rán ọmọ ogun lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ (1921) pé Ìjẹ̀ṣà ba dè wọ́n, wọ́n sì fọ́ wọn túútúú, torí ogun inú igbó ò mọ́ Ọ̀yọ́ lára. Inú ẹgàn, kí lẹṣin fẹ́ jẹ? Òjìji?

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí ni ogun Dàhòmì. William Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ ará Ìlú Ọba kan tó ń ra ẹrú létíkun Ouidah, ló sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ sínú ìwé tó jáde ní 1734. Agaja ọba Dàhòmì ti gba Allada ní 1724. Ní 1726, ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya bò ó, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbọn wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Láàárín 1728 sí 1730, Ọ̀yọ́ tún padà wá léraléra. Agaja ti kọ́gbọ́n nígbà yẹn. Bó bá ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, á dáná sun ilé, á kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ igbó, á sì lúgọ. Kò bá wọn jà. Ṣe ló ń ka ọjọ́. Ó mọ̀ pé bí oṣù mélòó kan bá kọjá, òjò á bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ ẹṣin á sì wọ́n, Ọ̀yọ́ á palẹ̀ mọ́ lọ sílé fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí ìgbà òjò gan-an ni koríko ń pọ̀? Òótọ́ ni. Èrò tèmi ni pé kí òjò tó dé, ẹṣin ti jẹ gbogbo ohun tó wà nítòsí ibùdó tán, abúlé tí wọn ì bá ti kó ọkà ti di eérú, koríko tó ń hù bọ̀ kò sì tíì tó nǹkan ju omi lọ. Lórí èyí, eṣinṣin tsetse máa ń pọ̀ sí i lásìkò òjò. Ohun yòówù kó jẹ́, àdéhùn ni wọ́n ṣe ní 1730, wọ́n tún un ṣe ní 1748: Dàhòmì á máa sin Ọ̀yọ́, ọba rẹ̀ á sì dúró sórí oyè. Ó sìn ín títí di ayé Gezo, láàárín ọdún 1820 sí 1830. Àwọn tíṣà wa máa ń sọ pé ọgbọ́n ìṣèlú ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi rò pé Ọ̀yọ́ ò lè jókòó sí Dàhòmì torí pé ẹṣin Ọ̀yọ́ ò lè jókòó síbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń gé koríko. Ní nǹkan bí 1817, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìlọrin, tó ti ń bá Aláàfin ṣọ̀tẹ̀ tipẹ́, rán ẹnu sí àwọn ẹrú tó jẹ́ Mùsùlùmí káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́: ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ òun ti dòmìnira. Wọ́n wá. Ọ̀kẹ́ àìmọye ló sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Johnson dárúkọ iṣẹ́ tí àwọn ẹrú Hausa wọ̀nyí ń ṣe: onígbàjámọ̀, ẹni tó ń fi okùn, darandaran. Òpìtàn Robin Law, tó kọ odidi ìwé kan lórí ẹṣin ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1980, fi àwọn olùtọ́jú ẹṣin kún un.

Ẹ fojú inú wò ó. Ẹ jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹṣin ń han nínú ilé, kò sẹ́ni tó gbé koríko wọlé. Okùn tí wọ́n fi so ó já, ẹni tó ń fi okùn ti lọ sí Ìlọrin. Ìjòyè jáde, ó gé koríko tó rí, bóyá èyí tó ti gbó, bóyá èyí tó ti bu. Ẹṣin tuntun náà ò tètè dé mọ́, torí ọ̀nà àríwá ti dàrú. Àwọn tó lọ náà ò lọ lásán, ìmọ̀ orí wọn bá wọn lọ. Láìpẹ́, Ìlọrin ni wọ́n ń bẹ̀rù nítorí ẹlẹ́ṣin. Wọ́n yí padà pa Àfọ̀njá fúnra rẹ̀. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ẹjọ́ àwọn ẹrú tó ṣọ̀tẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n rò fún un. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1836, lẹ́yìn ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ tí Aláàfin Olúewu kú sí, Ọ̀yọ́-Ilé ti dahoro. Àtìbà lọ tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́ Ọ̀jà, ní gúúsù, nítòsí igbó. Inú Old Oyo National Park ni àwókù ìlú àtijọ́ náà wà báyìí. Koríko ibẹ̀ pọ̀ o, ẹtu àti àgbọ̀nrín ló ń jẹ ẹ́.

N ò sọ pé koríko nìkan ló fọ́ Ọ̀yọ́. Ìjà àwọn ìjòyè wà níbẹ̀, Gáà wà níbẹ̀, òwò ẹrú fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilé tí wọ́n gbé ka orí iṣẹ́ ẹni tí wọn ò sanwó fún, tí wọn ò dárúkọ rẹ̀, ọjọ́ tónítọ̀hún bá dìde ńkọ́?

Lẹ́yìn ọgbà yẹn ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí n tó máa lọ, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ṣin wá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ìjánu sí Màlámù láìwo ojú rẹ̀, ó sì bá fóònù rẹ̀ lọ. Màlámù tú gàárì, ó nu òógùn ẹ̀yìn ẹṣin náà, ó rọra bu ewé ẹ̀pà síwájú rẹ̀, díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Mo bi í léèrè orúkọ rẹ̀, mo ní mo fẹ́ kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí n dákẹ́ ná, kí ẹṣin jẹun.