Alùpùpù Tí Kò Fẹ́ Jí: Ìtàn Ìṣòro Kan àti Àwọn Àtúnṣe Rẹ̀

Ohun ìrìnnà tí kò lè gbéra nílẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹrù. Ní ti ẹṣin, bí ó bá ti jẹun tí ara rẹ̀ sì dá, ó ti ṣetán láti rìn; ní ti kẹ̀kẹ́ ológeere, agbára ẹsẹ̀ ẹni tí ó gùn ún ni ó ń gbé e lọ. Alùpùpù yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Agbára rẹ̀ ju ti kẹ̀kẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò lè fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí ẹṣin. Ẹlòmíràn ni ó gbọ́dọ̀ jí i. Láti ọdún 1885 títí di òní, ọ̀ràn bí a ó ṣe jí i yìí ni ó ń gba àwọn onímọ̀ ní àròjinlẹ̀, òun náà ni ó sì ń da ẹni tí ó ń fi alùpùpù kékeré wá oúnjẹ òòjọ́ láàmú ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Bí a bá tọ ipasẹ̀ ìtàn náà, a ó rí i pé kò sí àtúnṣe kan tí ó pa ìṣòro náà run. Ńṣe ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣí i nípò láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí a ṣí i sí ni ó mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò nígbà tí alùpùpù rẹ̀ bá kọ̀ tí kò dáhùn.

Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì kékeré ń béèrè kí ó tó jí. Èkínní ni epo bẹntiróòlù tí ó ti di ìkùukùu, tí ó sì pò mọ́ atẹ́gùn ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Èkejì ni pé kí písítìnì fún epo àti atẹ́gùn náà pọ̀ gidigidi nínú sìlíńdà. Ẹ̀kẹta ni iná tí yóò ràn wọ́n ní àkókò náà gan-an. Àwọn àgbà sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ààrò mẹ́ta ẹ́ńjìnnì ni wọ̀nyí. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ọbẹ̀ dànù.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iná ni ó kọ́kọ́ fa wàhálà. Ní ọdún 1885, ní ìlú Cannstatt lẹ́bàá Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach gbé ẹ́ńjìnnì kan tí agbára rẹ̀ tó ìdajì agbára ẹṣin kan sí àárín férémù onígi. Kò sí púlọ́ọ̀gì lára rẹ̀. Ọ̀pá oníhò kan ni ó wọ inú sìlíńdà, tí iná àtùpà sì ń jó o láti ìta títí yóò fi pọ́n bí ẹyin iná. Nígbà tí písítìnì bá ti àdàlù epo àti atẹ́gùn wọ inú ọ̀pá gbígbóná yìí, iná á ràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ rin ìrìn-àjò ní láti kọ́kọ́ dáná, kí ó sì dúró kí ọ̀pá náà gbóná. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Paul, ọmọ Daimler, gun ohun ìrìnnà yìí láti Cannstatt lọ sí Untertürkheim. Ìtàn sọ pé ìjókòó rẹ̀ gbaná lójú ọ̀nà, nítorí pé abẹ́ ìjókòó náà gan-an ni ọ̀pá gbígbóná wà.

Ní ọdún 1894, iléeṣẹ́ Hildebrand àti Wolfmüller ní ìlú Munich bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe alùpùpù fún títà. Ọ̀pá gbígbóná ni àwọn náà ṣì ń lò. Alùpùpù wọn kò sì ní kílọ́ọ̀ṣì, nítorí náà ẹni tí ó ni ín a máa sáré tì í títí yóò fi jí, lẹ́yìn náà ni yóò fò sórí rẹ̀. Bí ó bá dúró lójú ọ̀nà, eré sísá tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àtúnṣe ọ̀ràn iná wá láti ọ̀dọ̀ iná mànàmáná. Ní ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí ọdún 1895, iléeṣẹ́ De Dion-Bouton fi bátìrì àti kọ́ìlì sí ẹ́ńjìnnì kékeré wọn, tí iná fi ń ṣẹ́ nínú sìlíńdà láìsí àtùpà. Ọ̀pá gbígbóná kúrò, ṣùgbọ́n ìṣòro kò kúrò. Inú bátìrì ni ó sá wọ̀. Bátìrì ayé ìgbà náà wúwo, agbára rẹ̀ sì ń tán lójú ọ̀nà. Iléeṣẹ́ Robert Bosch ní Stuttgart ni ó wá ojútùú sí èyí. Ní ọdún 1897 wọ́n fi magneto sí ara kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta De Dion-Bouton kan. Ní ọdún 1902, Gottlob Honold, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Bosch, parí magneto alágbára tí ó ń bá púlọ́ọ̀gì ṣiṣẹ́. Nínú magneto, irin òòfà àti wáyà tí a wé ni wọ́n ń yí láàárín ara wọn, tí iná sì ń jáde láìsí bátìrì kankan.

Ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ràn èdè Yorùbá kíyè sí i pé èdè náà ti ní ọ̀rọ̀ tí ó bá iṣẹ́ yìí mu ṣáájú kí púlọ́ọ̀gì tó dé. Kí ìṣáná tó di orúkọ igi kékeré inú páálí, fífi irin ṣá òkúta kí iná lè ta ni ṣíṣá iná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti magneto: bí ẹni tí ó ń ṣáná kò bá fi agbára ṣá a, iná kò ní ta dáadáa. Bí a bá ń yí magneto jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, iná púlọ́ọ̀gì á rẹ̀wẹ̀sì. Bí a bá yí i kíákíá, iná á le. Báyìí ni ìṣòro náà kúrò nínú bátìrì, tí ó bọ́ sí ẹsẹ̀ ẹni tí ó ni alùpùpù.

Ọ̀pọ̀ alùpùpù àkọ́kọ́ ní pẹ́dàlì bíi ti kẹ̀kẹ́, èyí tí a ń wà títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dáhùn. Àwọn mìíràn ṣì ń béèrè eré sísá. Alfred Angas Scott, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rí ọ̀nà àbáyọ. Alùpùpù tí ó gbé jáde ní ọdún 1908 ní irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí àwọn mẹkáníìkì òde òní ń pè ní kíìkì. Ìtẹ̀ kan ṣoṣo rọ́pò eré sísá. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Indian fẹ́ gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ẹsẹ̀ pátápátá. Ní ọdún 1914 wọ́n gbé Hendee Special jáde, tí sítátà oníná mànàmáná wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì ìgbà náà kò lè gbé ẹrù tí a dì lé e lórí, alùpùpù náà kò sì pẹ́ lọ́jà ju ọdún kan lọ. Èrò náà dára, àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ni ó ń jí alùpùpù.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àárẹ̀ àti àìní ni ó bí alùpùpù kékeré tí ayé wá mọ̀ jùlọ. Ní ọdún 1946, ní ìlú Hamamatsu ní Japan, Soichiro Honda kó àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré tí àwọn ọmọ ogun ti ń lò fún ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, ó sì so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Epo bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì ń pò ó mọ́ epo tí a fà jáde láti ara igi páìnì. Irú epo bẹ́ẹ̀ kì í tètè di ìkùukùu bíi bẹntiróòlù, nítorí náà kì í tètè gbaná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Iná wà, ẹsẹ̀ wà. Epo ni ó wá di ìdènà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1958, Honda gbé Super Cub C100 jáde. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta 49 lọ, kò béèrè pé kí a po epo ẹ́ńjìnnì mọ́ bẹntiróòlù, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kíìkì rẹ̀ fúyẹ́ débi pé kò béèrè ẹsẹ̀ akíkanjú. Ní ọdún 1960, C102 tẹ̀ lé e pẹ̀lú sítátà oníná mànàmáná. Ohun tí kò ṣeé ṣe fún Hendee Special ní 1914 ti wá di ohun tí ẹni tí ó ń ta oúnjẹ kiri lè rà. Nígbà tí ó fi di ọdún 2017, iye Super Cub tí a ti ṣe lé ní mílíọ̀nù 100.

Irú alùpùpù báyìí ni ó gba ojú pópó ilẹ̀ Yorùbá. Iléeṣẹ́ Honda tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní ọdún 1979 bẹ̀rẹ̀ sí í to alùpùpù pọ̀ ní ọdún 1981. Nígbà tí ọrọ̀-ajé le ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi alùpùpù ṣe iṣẹ́ àtijẹ, àwọn ará ìlú sì sọ ọ́ ní ọ̀kadà, láti ara orúkọ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air. Ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, títí dé Kétu àti Ṣakétẹ́, zémidjan ni orúkọ irú iṣẹ́ kan náà. Lẹ́yìn náà ni Jincheng ti ilẹ̀ Ṣáínà àti Bajaj ti ilẹ̀ Íńdíà dé. Fún ọlọ́kadà, alùpùpù tí kò jí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Aago mẹ́fà sí mẹ́jọ òwúrọ̀ ni èrò pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá ń tẹ kíìkì ní àkókò náà ń wo owó ọjọ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń gun ẹ̀yìn ẹlòmíràn lọ.

Ibí ni ìtàn ti di ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Mẹkáníìkì tí ó gbọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ààrò mẹ́ta náà ni ó ń yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Epo ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ṣé epo wà nínú táǹkì, ṣé a sì ti ṣí i? Ṣé ihò kékeré tí ó wà lára ìdérí táǹkì kò dí? Bí atẹ́gùn kò bá rí ọ̀nà wọlé, epo kò ní rí ọ̀nà jáde. Lẹ́yìn èyí ni ó kan kabúrétọ̀. Jẹ́ẹ̀tì kékeré tí ẹ́ńjìnnì fi ń mu epo nígbà tí ó bá ń jí ní ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bí alùpùpù bá dúró fún oṣù mélòó kan, epo inú kabúrétọ̀ a máa gbẹ, a sì fi ohun tí ó lẹ̀ bí oje igi sílẹ̀ nínú ihò náà. Fífọ̀ ọ́ àti fífẹ́ atẹ́gùn sí i ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe fífi irin gún un, nítorí pé ihò tí a bá fẹ̀ kò ní wọn epo dáadáa mọ́. Epo fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀tá. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ó di dandan kí a kó epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò lọ́jà ní Nàìjíríà; epo inú ìgò tí a ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ní ilẹ̀ Benin, tí wọ́n ń pè ní kpayo, náà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀.

Bí epo bá dára, iná ni ó kù láti wò. Mẹkáníìkì á tú púlọ́ọ̀gì, á fi í sí ẹnu wáyà rẹ̀, á gbé e ti ara irin ẹ́ńjìnnì níbi tí epo kò sí, á sì tẹ kíìkì. Bí iná tí ó ṣẹ́ bá le tí ó sì ní àwọ̀ aró, ó dára. Bí ó bá pọ́n bí epo pupa tí ó sì ń gbọ̀n, kò dára. Ojú púlọ́ọ̀gì tún ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá dúdú tí ó sì gbẹ bí èédú, epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Bí ó bá tutù, epo ti bò ó mọ́lẹ̀. Nínú Honda C50 àti C70, àlàfo ojú púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ wà láàárín mìlímítà 0.6 sí 0.7, ti kọ́ńtáàkì, àwọn irin kékeré méjì tí ń pàdé tí ń sì ń yà nínú magneto, jẹ́ 0.3 sí 0.4. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, a ń fa ṣóòkù láti dín atẹ́gùn kù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ṣóòkù kan náà ni yóò mú kí epo bò ó. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe: bí ó ti ń kọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, epo sì ń pọ̀ sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ pa ṣóòkù, ẹ nu púlọ́ọ̀gì gbẹ, ẹ yí ọwọ́ epo dé òpin kí atẹ́gùn lè gbá epo jáde, kí ẹ tó tún un tẹ̀.

Ààrò kẹta ni agbára ìfúnpọ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n lè fi àtàǹpàkò dí ihò púlọ́ọ̀gì kí ó sì tẹ kíìkì. Bí atẹ́gùn kò bá ti àtàǹpàkò rẹ̀ dànù, ríìngì ti jẹ tàbí fáàfù kò pa ẹnu dé. Nínú àwọn Honda kékeré wọ̀nyí, àlàfo fáàfù kò ju mìlímítà 0.05 lọ, nítorí náà bí fáàfù bá ti jẹ wọ inú ìjókòó rẹ̀ díẹ̀, àlàfo náà á tán, kò sì ní lè pa ẹnu dé mọ́.

Àwọn ọdún 1980 ni kọ́ńtáàkì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lára alùpùpù kékeré, tí àpótí CDI rọ́pò rẹ̀. CDI kì í jẹ bíi kọ́ńtáàkì, kò sì béèrè àtúnṣe lóòrèkóòrè. Ṣùgbọ́n bí ó bá kú, ó kú ni, kò sí ìwé ìrin tí a lè fi nù ún lábẹ́ igi. Ní ọdún 2007, ẹ̀rọ oníná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í wọn epo fún Super Cub ní Japan dípò kabúrétọ̀. Super Cub C125 tí ó jáde ní ọdún 2018 kò tilẹ̀ ní kíìkì mọ́. Ìka kan ṣoṣo ni ó ń jí i, bí bátìrì bá yè. Bí bátìrì bá kú, ẹni tí ó ni ín ti padà sí ibi tí De Dion-Bouton wà ní 1895.

Kò sí ẹni tí yóò fẹ́ padà sí ọ̀pá gbígbóná abẹ́ ìjókòó. Síbẹ̀, bí jíjí alùpùpù ṣe ń rọrùn sí i ni àtúnṣe rẹ̀ ń jìnnà sí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Ìmọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ní lábẹ́ igi, láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá dé ọ̀dọ̀ ọmọṣẹ́, ni ó so ìka tí ń tẹ bọ́tìnì pọ̀ mọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú sìlíńdà, èdè Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi kọ́ ọ. Ohun ìrìnnà ń pààrọ̀, ààrò mẹ́ta náà kò pààrọ̀. Ẹni tí ó bá lè kà wọ́n ní ẹsẹẹsẹ kò ní sọ ìrètí nù lẹ́bàá ọ̀nà, ì báà jẹ́ Honda àtijọ́ ni ó gùn, ì báà jẹ́ ti ọdún tí ń bọ̀.