Ìjà Owó Iṣẹ́ ní Ìlú Preston

Ní ọdún 1791 ni John Horrocks kọ́ ilé iṣẹ́ òwú rẹ̀ àkọ́kọ́ sí Preston, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ ni ó ń ran òwú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó ń darí ẹ̀rọ. Nígbà tí ọjà kò tà ní ọdún 1847, àwọn ọ̀gá gé ìdá kan nínú mẹ́wàá owó òṣìṣẹ́. Ọjà yá padà. Ní ọdún 1853 àwọn òṣìṣẹ́ bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Àwọn ọ̀gá ti ilé iṣẹ́ pa ní oṣù kẹwàá. Àwọn òṣìṣẹ́ Blackburn dáwó fún wọn, síbẹ̀ ebi borí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1854, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo. Bí àdánù bá jẹ́ ti gbogbo ilé, ta ni ó ni èrè?