Níbo La Máa Páàkì Sí?

Tí a bá fẹ́ kọ́lé síbi tí ilẹ̀ ò fẹ̀, igi la kọ́kọ́ máa ń gé kí mọ́tò lè ráyè. Àwọn ará Vauban, ní ìlú Freiburg ní Jámánì, gba ọ̀nà míì. Bárékè sójà Faransé ni Vauban tẹ́lẹ̀. Ọdún 1992 ni wọ́n kó kúrò. Nígbà tí wọ́n wá ń kọ́lé síbẹ̀, wọ́n dá ọ̀pọ̀ igi àtijọ́ sí. Ilé alájà létí àdúgbò ni wọ́n ń páàkì sí. Ẹni tó ní mọ́tò á ra àyè tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí kò ní, á fọwọ́ sí ìwé pé òun ò ní. Níbi tiwa, a ti ro owó àyè mọ́tò mọ́ owó ilé, a ò sì mọ̀. Igi ló ń bá wa san ìyókù.