Ẹrù àti Ilẹ̀ ní Òṣogbo
Ní 1907 ni ojú irin láti Èkó dé Òṣogbo, ibùdókọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí Old Garage. Kí ni ó ń fún ilẹ̀ ní agbára láti gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Alaska, yìnyín ni ó so erùpẹ̀ pọ̀. Bí ó bá yọ́, ilẹ̀ a rì. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ òpó abẹ́ ọ̀pá epo tí a parí ní 1977 fi ń fa ooru kúrò nínú ilẹ̀. Níhìn-ín, gbígbẹ ni agbára amọ̀ pupa. Àwọn baba wa a jẹ́ kí ìpele ògiri kan gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Nítorí náà, bí ọ̀nà bá bàjẹ́, kí a má dá ẹrù nìkan lẹ́bi. Omi tí kò rí ojú ṣàn ni kí a kọ́kọ́ wò.