Ẹ̀pẹ́, ẹja, àti koríko tó bá omi wá

Ìtàn tòní kò jìnnà sílé.

Ẹ jẹ́ ká tètè mú ti Kòsọ́kọ́ kúrò lọ́nà, torí òun ni gbogbo èèyàn ń rántí bí wọ́n bá dárúkọ Ẹ̀pẹ́. Lóṣù Kejìlá 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé e kúrò lórí oyè l'Ékòó. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ó bá Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn ní 1854, ó padà sílé ní 1862. Àwọn tó bá a wá tí wọn kò padà mọ́ ló bí Èkó Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ni Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Ìtàn ọba nìyẹn. Ìtàn omi ló wù mí jù.

Ẹ ṣí máàpù lórí fóònù yín. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wà láàárín ọ̀sà Lẹ́kí lápá ìlà oòrùn àti ọ̀sà Èkó lápá ìwọ̀ oòrùn. Odò Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun Òṣogbo tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, inú ọ̀sà Lẹ́kí ló ń já sí. Èkó ni òkun ti ń wọlé, ibẹ̀ sì jìnnà. Nítorí náà, bí omi Èkó bá níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti apá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí kì í fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹja odò rí ibẹ̀ gbé: àrọ̀, epìyà, ọ̀bọ̀kún, àti ọ̀sàn tó ń fi koríko ṣe ìtẹ́ lórí omi bí ẹni pé ẹyẹ ni. Àwọn ọkùnrin ń fi àwọ̀n àti ìgèrè dẹdò nínú ọ̀sà àti àwọn odò tóóró tó wọ inú igbó. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti àwọn ìyá ọlọ́jà. (Ẹni tí kò tíì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń nájà ẹja l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ kò tíì gbọ́ ariwo.)

Ní 1984, koríko kan gba odò apá Pọ́tónófò wọ Àgbádárìgì. Water hyacinth ni wọ́n ń pè é, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló ti ṣẹ̀ wá, òdòdó rẹ̀ sì rẹwà gan-an. Àwọn baba wa mọ ojú oró àti òṣíbàtà, wọ́n tiẹ̀ fi ń ṣàdúrà. Àlejò yìí kò sí nínú àdúrà ẹnikẹ́ni. Ó bo omi pátá. Ọkọ̀ kò rọ́nà gbà, àwọ̀n ń há, ẹni tó dẹ ìgèrè kò rí i mọ́. Atẹ́gùn ń tán nínú omi abẹ́ rẹ̀. Àrọ̀ àti ọ̀sàn lè yọjú wá mí lókè omi, ṣùgbọ́n kí ni epìyà fẹ́ ṣe?

Iyọ̀ ló ń pa koríko náà. L'Ékòó, ọdọọdún ni omi òkun ń bá wọn pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. L'Ẹ́pẹ̀ẹ́, iyọ̀ kò dé ibẹ̀ tó. Omi kan náà tó ń bọ́ ẹja ló ń bọ́ koríko. Bí ẹ bá sì ní ká jẹ́ kí iyọ̀ wọlé, àrọ̀ ńkọ́? Ó kù kí wọ́n máa kó o kúrò lórí omi. Bí òjò bá dé, omíràn á tún bá omi wá.

Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá tó mọ omi yìí ṣáájú 1984, ẹ bi wọ́n bó ṣe rí nígbà náà, kẹ́ ẹ fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.