Àwàdà Kì í Ṣe Iṣẹ́ Kékeré

Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi í rín. Síbẹ̀, nígbà tí a bá ń ka àwọn àgbà òṣèré wa ní méní-méjì, àwọn tí wọ́n ṣeré ọba àti eré ogun ni a máa ń kọ́ dárúkọ. Aláwàdà ni ó máa ń gbẹ̀yìn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn wò, bóyá ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwàdà ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1826, Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé, ó sì wo eré àwọn eégún apidán ní ààfin. Nínú eré náà ni eégún funfun kan ti jáde, tí ó ń fín áṣáà, tí ó ń ra ọwọ́ pọ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú, tí ó sì ń rìn bí òyìnbó tí kò wọ bàtà. Lójú òyìnbó gan-an ni wọ́n ti ń sín òyìnbó jẹ! Ẹni tí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, ní oṣù kẹfà ọdún 1944, orin ìjọ àti ìtàn Bíbélì ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1963, Dúró Ládiípọ̀ ṣe Ọba Kò So. Àwàdà kò ṣàìsí nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀ ni ó rí. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ni ó sọ iyọ̀ yìí di odidi ọbẹ̀. Orin ni ó kọ́kọ́ ń ṣe; abẹ́ rẹ̀ ni Sunny Adé ti ta gìtá nígbà èwe. Lẹ́yìn náà ni ó dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀, tí ó sì di Baba Sálà, ahun àgbà tí ó gbé aago ńlá kọ́ ọrùn, tí ó wọ awò ojú gbàǹgbà.

Iléeṣẹ́ amóhùn-máwòrán WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọdún 1959. Ibẹ̀ ni Baba Sálà ti wọ ilé àwọn tí kò rí i lórí ìtàgé rí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjèèjì kò rí bákan náà. Lórí ìtàgé, ẹ̀rín àwọn èrò ni ó ń tọ́ òṣèré sọ́nà: bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, yóò fa ọ̀rọ̀ náà gùn, bí wọ́n bá dákẹ́, yóò yára gba ibòmíràn. Níwájú ẹ̀rọ amóhùn-máwòrán, ẹ̀rọ kò mọ ẹ̀rín, aago kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Òṣèré ní láti fi ọkàn ara rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín tí kò tíì jáde.

Ní ọdún 1982 ni fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Mooru, jáde, tí Ọlá Balógun darí. Ó ná owó, ó yá owó sí i. Àwọn olè da fíìmù náà sínú fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín nínú ilé wọn, ẹni tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín wà nínú gbèsè. Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀: ní ọdún 1983 ó tún gbé Ààrẹ Àgbáyé jáde.

Ọdún 2018 ni Baba Sálà kú. Ohun tí ó yẹ kí ó dun àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè nìyí: púpọ̀ nínú eré àwọn ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ni wọn kò kọ sílẹ̀. Orí òṣèré ni ìwé rẹ̀. Bí òṣèré bá kú, àṣà ọ̀rọ̀, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ àti ohùn tí ó fi ń pa wá lẹ́rìn-ín bá a lọ. A ń kọ ìwé nípa oríkì àti ìjálá, ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tọ àwọn aláwàdà tí ó ṣẹ́ kù lọ pẹ̀lú, kí a bi wọ́n léèrè, kí a sì kọ ọ́ ní èdè Yorùbá. Bí a bá sì fẹ́ wo eré wọn, ẹ jẹ́ kí a san owó rẹ̀.