Adégbóyè Onígbìndé: Olùkọ́ tó Sọ Pápá Bọ́ọ̀lù di Kíláàsì

Olóyè Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ bíbí Modákẹ́kẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ikọ̀ orílẹ̀-èdè yìí níbi Ife Àgbáyé, ní Kòríà àti Japan lọ́dún 2002. Ọdún méjìdínlógún ṣáájú ìgbà náà, ní 1984, òun kan náà ni ọmọ ilẹ̀ yìí àkọ́kọ́ tó kó ikọ̀ wa dé àṣekágbá Ife Áfíríkà. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹta ọdún 1938 ni wọ́n bí i. Kó tó di kóòṣì, olùkọ́ ilé ìwé ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó gbé e dé ibi tó dé, iṣẹ́ olùkọ́ yẹn ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Fèrè lọ́rùn, ẹfun lọ́wọ́

Ní ilẹ̀ Yorùbá, inú ọgbà ilé ìwé ni iṣẹ́ kóòṣì ti hù. Ẹ yà sí pápá ilé ìwé girama ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Olùkọ́ tó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láàárọ̀ ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, fèrè ń mì lọ́rùn rẹ̀, ẹfun tó fi kọ̀wé kò sì tíì tán ní ìka rẹ̀. Báàgì ìwé méjì ni òpó ilé. Bàtà bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni àwọn ọ̀rẹ́ méjì ní: ọ̀kan wọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, èkejì wọ tòsì. Olùkọ́ fọn fèrè, eré dúró. Ó di ọmọ kan léjìká mú, ó yí i padà díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ hàn án bí wọ́n ṣe ń gba bọ́ọ̀lù kó má baà ta lọ. Ó ní kó tún un ṣe. Ọmọ náà tún un ṣe, ó tún un ṣe, títí ó fi mọ̀ ọ́n. Bí ilẹ̀ bá ṣú, olùkọ́ yìí kan náà ni yóò tẹ̀lé ọmọ délé, tí yóò bẹ bàbá rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí ọmọ bá wọn lọ gbá ìdíje ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ìlànà mìíràn ni wọ́n ń tọ̀. Nínú bọ́ọ̀lù tiwọn, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé, ikọ̀ kan lè ní kóòṣì mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀kan nínú wọn kò ní iṣẹ́ méjì ju pé kó kọ́ àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, olùkọ́ kan ṣoṣo ni kóòṣì aṣọ́lé, kóòṣì ẹ̀yìn àti kóòṣì iwájú. Òun náà ni dókítà, òun sì ni alágbàwí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Onígbìndé ti jáde wá.

Lọ́dọ̀ Shooting Stars

Ìbàdàn ni orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ rinlẹ̀, pẹ̀lú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ tí èèyàn ń kọ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Ní 1976, àwọn ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, nígbà tí wọ́n borí Tonnerre ti Yaoundé. Láti ọjọ́ náà, ohun tó kéré sí ife kò tẹ́ àwọn ará Ìbàdàn lọ́rùn mọ́.

Ní 1984, Onígbìndé kó wọn dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì ní orílẹ̀-èdè wọn káàkiri Áfíríkà. Rashidi Yekini, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá di ẹni tó gbá gọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ Nàìjíríà sáwọ̀n ní Ife Àgbáyé ní 1994, wà lára àwọn ọmọ rẹ̀. Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n bá pàdé. Ayò méjì sí òdo ni Zamalek fi borí ní Cairo, wọ́n sì tún fi ayò kan ṣoṣo borí ní Èkó. Ó dun àwọn ará ilé gan-an. Síbẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba ife yẹn kí Enyimba tó gbà á ní 2003.

Abidjan, 1984

Lọ́dún kan náà ni ó tọ́jú ikọ̀ orílẹ̀-èdè, tí à ń pè ní Green Eagles nígbà náà. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ irú àga tó jókòó lé. Tihomir Jelisavčić, ọmọ Yugoslavia tí gbogbo ayé ń pè ní Father Tiko, ló kọ́ ikọ̀ wa lọ sí Ife Áfíríkà ní 1976 àti 1978. Otto Glória láti Brazil ló wà níbẹ̀ nígbà tí a gba ife náà ní Èkó ní 1980, tí a fi ayò mẹ́ta sí òdo na Algeria. Ó ti wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn pé òyìnbó nìkan ló lè kọ́ ikọ̀ ńlá.

Onígbìndé kó àwọn ọmọ lọ sí Côte d'Ivoire. Wọ́n na Gánà ní ayò méjì sí ọ̀kan, wọ́n sì ta ọ̀mì pẹ̀lú Algeria àti Malawi. Ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ayò méjì sí méjì ni àwọn àti Íjíbítì jọ parí rẹ̀. Ó di pẹ́náítì. Ẹni kan ń gbá a, ẹni kan ń dìde lẹ́yìn rẹ̀, títí tí Nàìjíríà fi borí pẹ̀lú mẹ́jọ sí méje.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta ni àṣekágbá ní Abidjan. Ìṣẹ́jú kẹwàá ni Muda Lawal gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Lawal, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe kí Shooting Stars tó mú un. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Cameroon dá a padà, wọ́n sì fi méjì lé e ní ìparí eré: mẹ́ta sí ọ̀kan. Fàdákà ni a gbé wálé. Ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà: a ti rí i pé ọmọ Modákẹ́kẹ́ lè kó wa dé ibẹ̀.

Oṣù mẹ́rin péré

Ní 2002, Shuaibu Amodu kó ikọ̀ orílẹ̀-èdè, tó ti ń jẹ́ Super Eagles, gba ipò kẹta ní Ife Áfíríkà ní Mali, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Onígbìndé ni wọ́n ké sí. Ife Àgbáyé kò ju bí oṣù mẹ́rin lọ mọ́. Ó fi àwọn ọ̀gá bíi Sunday Oliseh àti Finidi George sílẹ̀, ó mú àwọn ọ̀dọ́ wọlé, ariwo sì sọ.

Àwọn tí wọ́n bá pàdé kò rọrùn: Argentina, Sweden àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Batistuta ti Argentina fi ayò kan borí wa. Níwájú Sweden, Yobo gbé bọ́ọ̀lù wọlé, Julius Aghahowa fi orí kàn án sáwọ̀n, ó sì ń ta tàkìtì léraléra. Ṣùgbọ́n Larsson ti Sweden gbá méjì padà. Nínú eré kẹta, pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Osaka, Onígbìndé fi ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan ṣe aṣọ́lé, Vincent Enyeama láti Enyimba. Beckham, Owen àti Scholes gbá a títí, wọn kò rí ọ̀nà. Òdo sí òdo ni.

Àmì kan ṣoṣo ni a mú bọ̀, ó sì kéré. Mi ò ní pè é ní àṣeyọrí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó ní ojú olùkọ́ nìkan ló lè fi ọmọdé ṣe aṣọ́lé níwájú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí gbogbo ayé ń wò.

Àwọn tó jáde láti kíláàsì náà

Iṣẹ́ olùkọ́ kì í hàn lọ́jọ́ kan. CAF àti FIFA fi Onígbìndé ṣe olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn kóòṣì mìíràn. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì ọdún 2013, Nàìjíríà na Burkina Faso ní Johannesburg, ó sì gba Ife Áfíríkà. Kóòṣì ikọ̀ náà ni Stephen Keshi, tó wà lórí pápá fún Onígbìndé ní 1984. Aṣọ́lé rẹ̀ ni Enyeama, ọmọ Osaka ọjọ́ sí.

Nítòsí wa níhìn-ín, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2025, abẹ́ Daniel Ogunmodede, ọmọ ilẹ̀ yìí, ni wọ́n sì wà. Lónìí, kò sí ẹni tó ń yà lẹ́nu mọ́ pé kóòṣì ọmọ wa lè gba ife ńlá. Onígbìndé wà lára àwọn tó la ọ̀nà náà.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin alákòóso ilé ìwé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti gbogbo ìlú etí omi tó wà ní Ogun Waterside: ẹ má gé pápá tà. Ẹ ra bọ́ọ̀lù fún olùkọ́ tó ní fèrè lọ́rùn, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé ìtàn ilé ìwé yín. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni Onígbìndé kó tó dé Abidjan.